Àmì Dúdú Ojú Oòrùn

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Bàbá Wissa ti ń fi pẹ́ńsù ya ojú oòrùn láràárọ̀, lórí òkè aginjù tó wà lẹ́yìn Káírò. Awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀run á gbé àwòrán oòrùn sórí pépà funfun, bàbá á sì máa tọ àwọn àmì dúdú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bí ọ̀gá kan tí kì í gun òkè náà rárá ṣe dédé ní ojú bàbá ti kú. Ó ní kí Dókítà Raghda, onímọ̀ ìràwọ̀, yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ sí ìwé tí yóò dá a padà sílé. Ó dun Raghda, nítorí bàbá yìí gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá gbé tíì àti àwòrán tuntun wọlé. Àmì kún ara rẹ̀ bí èèrà tó bo ṣúgà.

"Dókítà wa, ìràwọ̀ yín rèé o."

"Ìràwọ̀ wo, Bàbá?"

"Èyí tí ẹ lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri yẹn. Èyí tó bú gbàmù."

Ìràwọ̀ náà jọ oòrùn wa bí ìbejì. Raghda ló ya àwọn àmì tó wà lára rẹ̀ kí iná ńlá tó bú jáde níbẹ̀. Ó gbé àwòrán méjèèjì léra. Wọn ò bára mu rárá. Àánú bàbá ṣe é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé oòrùn wa kò ní bú.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú yín ti lọ." Ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Bàbá Wissa bú sẹ́rìn-ín. "Ká ní ojú tèmi lọ, ọpọlọ tìẹ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o yí tèmi padà kí o tó gbé wọn léra? Ṣebí ọ̀tún a máa di òsì lórí pépà awò!"

Ojú ti Raghda. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í gbàgbé ìyẹn. Ó yí pépà náà padà, ó gbé àwòrán méjèèjì mọ́ ojú fèrèsé. Gbogbo àmì bọ́ sórí ara wọn, kò ku ọ̀kan.

Ó sáré wọ yàrá awò. Ẹ̀rù ń bà á gidi. Oòrùn wà lórí pépà, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Lójijì ni ìmọ́lẹ̀ funfun méjì là láàárín àwọn àmì náà, bí ẹni lajú lójú oorun. Rédíò kékeré bàbá, tó ń gbé orin bọ̀ láti òkèèrè, dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà; agbára iná oòrùn ti pa á lẹ́nu mọ́.

Raghda mú pẹ́ńsù, ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ fi kán, kò rí nǹkan kan yà. Ó fa ìwé ọ̀gá ya.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá yà á."

Bàbá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí yà á. Pẹ́ńsù tirẹ̀ kò kán.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìràwọ̀ rẹ bú?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Bàbá. Èyí àkọ́kọ́ ló kéré jù."

Bàbá kò gbójú sókè.

"Ó dáa. Bá mi gbẹ́ pẹ́ńsù méjì sí i."