Wáyà Olórí Méjì

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, mo ń nu dígí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Káfíńtà tó múlé tì wá ló wọlé. Kò jókòó.

"Àǹtí, ẹ mú ọkàn le. Wọ́n ti lu àbúrò yín pa ní oríta."

Ayàwòrán ni àbúrò mi. Èmi ni mo ń bá a tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn jàǹdùkú tí ọ̀gá kan rán wá ń wó ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà lulẹ̀. Wọ́n fi irin fọ́ orí bàbá arúgbó tó ń tún bàtà ṣe, torí pé kò tètè dìde. Àbúrò mi ya gbogbo rẹ̀. Ó sáré wálé, ó kó àwòrán náà kúrò nínú kámẹ́rà sínú háàdì, àpótí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní òun ń padà lọ gbé òkú bàbá náà kúrò nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká a mọ́.

Omijé kò tíì bọ́ lójú mi tí mẹ́ta nínú àwọn jàǹdùkú náà fi já wọlé. Wọ́n la irin mọ́ orúnkún káfíńtà, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Bọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pe aṣáájú wọn.

"Níbo ló kó o sí?"

"Kí ni?"

Ó gbá mi létí, ojú mi ta iná. "Ṣé eré la wá bá ẹ ṣe ni? Kámẹ́rà ẹ̀ ṣófo!"

Wọ́n da dúrọ́ọ̀ tábìlì nù, wọ́n fọ́ férémù, ọwọ́ wọn sì tẹ háàdì náà.

"Ọ̀gá ní ká rí i kedere pé àwòrán náà ló wà nínú ẹ̀. Ṣí i."

Kọ̀ǹpútà wa ti dàgbà. Iná ojú ihò rẹ̀ kan kò tó háàdì náà jẹ. Nítorí èyí ni àbúrò mi ṣe ra wáyà olórí méjì: orí kan á gbé àwòrán, èkejì á bá a fa iná sí i láti ihò mìíràn. Mo ki orí kan bọ ihò. Mo jẹ́ kí èkejì máa rọ̀ lẹ́yìn tábìlì.

Háàdì náà dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún dún, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tó dahoro.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Irọ́!" Ó di irun mi mú, ó gbá iwájú orí mi mọ́ tábìlì. "Tún un ṣe!"

Mo yọ ọ́, mo tún ki orí kan náà bọ̀ ọ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó wọ́ mi lulẹ̀, ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Mo gbọ́ bí ìka mi ṣe kán kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́ òsì mi kan orí kejì tó rọ̀ sẹ́yìn. Bí mo bá ki orí yìí bọ ihò, ìyà mi tán; àbúrò mi àti bàbá oníbàtà á sì kú ikú adìyẹ. Mo fi í sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Bọ́ọ̀tù, ohun tó kú ti kú. Àbí ìwọ ni dókítà ẹ̀?"

Bọ́ọ̀tù ju háàdì náà lù mí lẹ́nu. Eyín mi kan jábọ́.

"Gbà. Sin ín mọ́ àbúrò ẹ."

Ó ta kọ̀ǹpútà nípàá, ojú rẹ̀ sán. Wọ́n lọ.

Káfíńtà ń rákò bọ̀. "Àǹtí, ṣé ó bàjẹ́ lóòótọ́?"

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn ná."

Mo ki orí méjèèjì bọ ihò méjì. Háàdì náà mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lẹ́yìn dígí tó sán ni mo ti rí i: irin lókè, bàbá oníbàtà lábẹ́, ojú Bọ́ọ̀tù gedegbe. Mo fi ránṣẹ́ sí lọ́yà, sí àwọn oníròyìn, sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí fóònù ládùúgbò tí àwòrán náà kò sí lórí rẹ̀, ọlọ́pàá ò sì rí ibi fojú sí mọ́. Wọ́n mú Bọ́ọ̀tù. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọ̀gá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo tún ṣí háàdì náà. Mo bá àwọn àwòrán ọmọ tuntun kan níbẹ̀, tí àbúrò mi yà tí kò tíì tẹ̀ jáde. Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ wọ́n, mo sì rìn lọ sílé àwọn òbí ọmọ náà.

Ìyá ọmọ rí ojú mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú àmúmọ́ra, Àǹtí. Ẹ ò bá má ṣèyọnu mọ́."

Mo na àpò ìwé náà sí i.

"Àbúrò mi ló ní kí n kó o wá."