Ó Yíjú sí Hámà

Ó yíjú. Ẹ wò ó bó ṣe yíjú — ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Kò sí ẹnì kankan nínú ìsọ̀ yìí ju èmi àti ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ó yíjú. Mo fi hámà lu orí tábìlì iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, gbà, ó sì gbé orí sókè kúrò nínú èérún pákó tó fi ń ṣeré, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Etí wo ló tún kù? Ẹni tí kò gbọ́, kí ló ń yíjú sí?

Kí n tún un lù. Gbà. Ó tún wò mí. Ó dára. Ó ti tán nìyẹn…

Bó bá ti tán, kí ló dé tí ọwọ́ mi kò fẹ́ fi hámà sílẹ̀?

Ìyá rẹ̀ ń múra nínú ilé. Ọmọ mi obìnrin ni, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí. Báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà: ìlédìí, ike omi, aṣọ òtútù. Òní ni nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò etí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá fún wa, a kò lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. "Ọmọ tó ń gbọ́ hámà lẹ fẹ́ lọ ki ẹ̀rọ bọ̀ létí?" Mo sọ ọ́, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀. Láàárọ̀ yìí, kí ìyá rẹ̀ tó wọlé lọ wọṣọ, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá sọ fún mi tọkàntọkàn pé ó ń gbọ́, mo máa tú báàgì yẹn." Ojú rẹ̀… ojú ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n parọ́ fún òun ni. Rárá. Kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́. Ọmọ yíjú!

Ọ̀gá ni mò ń pe ọmọ yìí. Láti ìgbà tó ti lè jókòó ló ti ń jókòó sí ìdí tábìlì yìí, tó ń fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ lé mi níṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó jókòó, lóòótọ́. Kò tíì rìn. Ẹsẹ̀ àga ló ṣì ń dì mú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe ìyá, wọ́n ti ń pe bàbá, wọ́n tún ti ń sọ pé àwọn kò jẹ. Òun… òun ń rẹ́rìn-ín. Igi kì í gbẹ bákan náà. Èwo ni ìkánjú?

Èmi náà kò tètè. Orí mi ti ń funfun kí n tó mọ ìwé kà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Lára páálí ìṣó àti lára ògiri ìsọ̀ onísọ̀ ni mo ti ń ṣa lẹ́tà jẹ bí adìyẹ. Mo sì mọ̀ ọ́n kà. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yẹn: "Ẹni tó pẹ́ kọ́ ni ẹni tí kò ní í dé." Ó ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ti ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsinsìnyí ni ọpọlọ rẹ̀ ń mú èdè. Bí kò bá gbọ́, ẹ jẹ́ ká tètè mọ̀, ká wá ọ̀nà míì fún un: ẹ̀rọ etí, tàbí ká máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí…" Ó kàn ń wò mí. Obìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀!

Kí ló tún sọ? Ó sọ̀rọ̀ ibà yẹn.

Ibà yẹn. Oyún ọmọ mi ò tíì hàn sí ará ìta nígbà náà. Ibà díẹ̀, ara sísú wẹ́wẹ́ lọ́rùn àti láyà, oríkèé ríríro. Ó lọ bó ṣe wá. Àwa gan-an gbàgbé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò àrùn kan ni, èyí tí ojú kì í rí, pé kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ìyá lẹ́nu, ọmọ inú ló ń wá lọ. Ó lè kan ojú, ó lè kan ọkàn, ó lè kan etí. Wọ́n ti wo ojú: ó mọ́. Wọ́n ti wo ọkàn: ó ń lù bó ṣe yẹ. Ó ku etí.

Ọmọ mi gbọ́ ìyẹn. A délé. Ó wá bi mí: "Bàbá, ṣé èmi ni mo kó o ràn án?" Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ló ń rí ohun tí ojú kì í rí, tí yóò fi yà fún un? Àwọn ọmọ kéékèèké ni ọmọ mi ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ó wá ń rò ó ṣáá: ọmọ ta ni mo gbé mọ́ra? Imú ta ni mo nù? Mo ń rí i tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

Ìdí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi gbọ́dọ̀ gbọ́. Kó ṣáà gbọ́. Bó bá gbọ́, kò sẹ́ni tó kó nǹkan kan ran ẹnì kankan…

Gbà.

Ó wò mí. Ṣé ẹ rí i?

Ṣùgbọ́n lánàá… kí n má ro ti àná. Lánàá, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ kò mira. Ó pè é lórúkọ, ó kọrin, ó fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò títí mo fi yọjú wò ó. Ọmọ ń fa etí aṣọ lọ ní tirẹ̀. Mo ní, "Eré ló ń ṣe. Èmi náà, bí mo bá ń jẹun, ta ni mò ń dá lóhùn?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìkòkò mà ni."

Ìkòkò. Báwo ló ṣe gbọ́ hámà tí kò gbọ́ ìkòkò? Ohùn tó wúwo ni etí rẹ̀ ń mú, ìyẹn ni. Ohùn tó tinrín ló ń sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni. Bíi tèmi. Èmi náà…

Èmi náà kí ni?

Obìnrin télọ̀ ìsọ̀ kejì, ẹlẹ́nu ṣọ́bọ́lọ́ yẹn, ó wọlé láàárọ̀ wá gbé àga rẹ̀ tí mo tún ṣe. Mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mò ń fi sáńpépà pa ojú pákó. Mo yíjú, mo kí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Inú mi dùn: ẹni tó bá sọ pé etí mi ti ń lọ, kó wá wò ó! Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Káfíńtà, láti ìta ni mo ti ń pè yín o! Gbogbo àdúgbò ti dá mi lóhùn tán. Ìgbà tí mo gbẹ́sẹ̀ lé pákó yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èèyàn dé. Àbí ẹsẹ̀ lẹ fi ń gbọ́rọ̀ ni?" Mo ní kó gbé àga rẹ̀ kó máa lọ. Mo ní ariwo mọ́tò lójú títì ni. Kò sí mọ́tò lójú títì.

Ẹsẹ̀ lẹ fi ń gbọ́rọ̀ ni…

Èmi ni mo tẹ́ ilẹ̀ yìí. Pákó ni, láti ògiri dé ògiri, torí sìmẹ́ńtì ń dun orúnkún mi. Mo fi igi gbọọrọ gbé e sókè díẹ̀ kí omi má baà jẹ ẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo kan ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ ọn kó lè dúró dáadáa. Tí mo bá wá lu orí tábìlì… Ọmọ fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì. Ìdí rẹ̀ wà lórí pákó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí pákó.

Rárá.

Rárá o. Ṣùgbọ́n mo mọ igi. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá pákó ti là nínú, mo máa lù ú níbí, mo máa gbé ìka lé e lọ́hùn-ún. Ìka ni mo fi ń mọ̀, kì í ṣe etí. Igi ń gbé nǹkan rìn. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kì í gbé e. Ńṣe ló ń gbé e mì. Mo mọ ìyẹn. Ọjọ́ wo ni mi ò ti mọ ìyẹn?

Kí n dúró ná. Kí n má tíì dájọ́. Sìmẹ́ńtì ni ẹnu ọ̀nà, mi ò tẹ́ pákó débẹ̀. Kí n lọ dúró síbẹ̀. Irin ayùn àtijọ́ nìyí lára ògiri. Kí n fi ọwọ́ kan gbé e sókè, kó má kan ohunkóhun. Ó dára. Hámà dà?

Mo lù ú, ó dún. Èmi gan-an gbọ́ ọ, ó ta mí létí. Ẹyẹ fò lórí páànù.

Ọ̀gá ń kó èérún pákó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó mú ọ̀kan tó lọ́ bí irun, ó gbé e sójú, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀.

Mo tún irin lù. Mo ń lù ú bí ẹni tó rí olè.

Ó ń wo ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀gá! Ọ̀gá mi! Mo ń pè é ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, èyí tí n kì í pè…

Ó ń wo ìmọ́lẹ̀.

Mo na ẹsẹ̀ kan, mo fi gìgísẹ̀ kan pákó. Díẹ̀ báyìí. Kò dún rárá, tàbí ó dún tí èmi kò gbọ́. Ọ̀gá yíjú kíá. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

Kò gbọ́ mi rí. Gbogbo ìtàn tí mò ń sọ fún un nídìí tábìlì yìí, gbogbo àwàdà tí mo rò pé ó fi ń rẹ́rìn-ín — ojú mi ló fi ń rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń kà.

Mo sì ń fi pípẹ́ mi yangàn. N kò sọ bó ṣe rí fún nọ́ọ̀sì yẹn: kí èèyàn dúró níwájú ògiri tó kún fún ọ̀rọ̀, kó máa mi orí bí ẹni tó ń kà á. Kí gbogbo ayé wà nínú ilé kan, kí ìwọ nìkan wà níta, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àgbà ni mí, mo ní ẹnu. Ọjọ́ tí agídí bá gbà fún mi, mo lè béèrè. Ọmọ yìí, kí ni yóò fi béèrè?

Pákó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo yíjú sí ilẹ̀kùn ilé. Ọ̀gá náà yíjú. Àwa méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí a so mọ́ okùn kan.

Ìyá rẹ̀ ló dúró yẹn, ó ti wọṣọ tán. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ… mo mọ ohun tó ń sọ. Báàgì ló ń wò, ó tún ń wò mí.

Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo kó o ràn án. Màá sọ ọ́ lójú ọ̀nà, bí a bá ti ń lọ. Kí wọ́n gbé àga méjì sídìí ẹ̀rọ wọn yẹn: ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ti àgbà fún etí tèmi náà. Kí télọ̀ má ṣáà gbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi hámà lélẹ̀ lórí pákó, jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá yíjú.