Ewúrẹ́ Tó Gba "Tó Bá" Mọ́ Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ọ̀gá orin tó dé, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún yín. Mo lá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kì í sì í ṣe lórí ibùsùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Inú àdúrà ni mo ti lá a.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹta mi nìyí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwa ọmọ kíláàsì wa mọ iṣẹ́, a sì mọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ dọ́la. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ fi pe Ọ̀gbẹ́ni Ajétúnmọbí kó wá fi odidi ọjọ́ kan kọ́ wa bí a ṣe ń lo àkókò. Nínú gbogbo wa, èmi Ìbídùnní ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù. Ìwé kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ lórí aláìsàn kan tó tọ́jú. Mo kọ tèmi lórí Bàbá Àrẹ̀mú tó ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kọ ọ́ títí, ó ku ojú ìwé tó kẹ́yìn, níbi tí a ti ń kọ bí aláìsàn yóò ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́ tí Bàbá ń lọ sílé, ó yẹ kí n jókòó tì í kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mò ń bọ̀." Ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó ń lọ ló máa ń ní òun ń bọ̀. Kí n tó padà, àwọn ọmọ rẹ̀ ti mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Bí Sístà Fádùńsìn, olùkọ́ wa, bá ti bèèrè ìwé náà, èsì mi ò ju ọ̀kan lọ: "Tó bá yá, mà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Sístà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó ní, "Ìbídùnní, bí ìwé Bàbá Àrẹ̀mú ò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ẹ̀kọ́ òní tó parí, orúkọ rẹ ò ní sí nínú àwọn tó máa ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo gbé ìwé náà lé itan. Ọ̀gbẹ́ni Ajétúnmọbí dìde, ó ní ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Mo di ojú mi. Olúwa, dárí jì mí.

Nígbà tí mo la ojú, gbọ̀ngàn ti kúrò nílẹ̀. Ó rọra ń léfòó lọ lójú ọ̀run, tòun ti àwa àti bẹ́ǹṣì wa. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí òrùlé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, mo sì rí yunifọ́ọ̀mù mi lórí okùn níbi tí mo sá a sí láti ọjọ́ Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Mojírádé tó jókòó tì mí nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Ìbídùn, ká ẹsẹ̀ rẹ sókè, a fẹ́ kọjá lórí igi máńgòrò."

Mo ká a sókè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ajétúnmọbí ní, "Kí olúkúlùkù mú àkókò tirẹ̀ jáde." Mojírádé ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Àkókò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ṣì ń yọ èéfín. Èmi ti ọwọ́ bọ àpò, tẹmómítà nìkan ni mo bá níbẹ̀, ọ̀pá kékeré tí a fi ń wọn ìgbóná ara. Ó wúkọ́.

"Ìbídùnní, o ṣì mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, sà."

"O fi mí sí Bàbá Àrẹ̀mú lábíyá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lo dá fún mi, o ní o ń bọ̀. Ìkórè bá mi níbẹ̀. Kérésì bá mi níbẹ̀. Àjíǹde náà bá mi níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé ibẹ̀ ò gbóná jù?"

"Ṣebí nítorí kó lè gbóná ni mo ṣe wà láyé. Mo ti mọ gbogbo àṣírí bàbá náà. Ènìyàn rere ni. Àmọ́ bí nǹkan bá ti fẹ́ kàn án lábíyá báyìí, ẹ̀rín ni."

Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin mẹ́ta láti Ọ́fíìsì Àkókò gba ojú fèrèsé wọlé. Ọ́fíìsì tiwọn náà ló ń fò kọjá, wọ́n kàn sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni. Wọ́n wọ táì, wọ́n gbé fáìlì. Èyí tó jẹ́ olórí wọn wò mí.

"Tó-bá-yá mélòó lo ti sọ láti ìgbà tí o ti dé ilé ẹ̀kọ́ yìí?"

"Bóyá mẹ́rin, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí táì wọn fi tú. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó wà lára ògiri. Àwọn tó-bá-yá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, adìẹ ni gbogbo wọn, wọ́n dé fìlà nọ́ọ̀sì, wọ́n sì tò ní méjì-méjì bí akọrin tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kan ní, "Èmi ni ti yunifọ́ọ̀mù tó yẹ kí o ká."

Òmíràn ní, "Èmi ni ti lẹ́tà tí o fẹ́ kọ sí màmá rẹ."

Ẹ̀kẹta ní, "Èmi ni ti orin tó yẹ kí o há sórí fún ẹgbẹ́ akọrin." Ẹ̀yin ará, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn tóbi bí ilé. Ó kúnlẹ̀ kó tó lè jáde, ibùsùn wọ́ọ̀dù kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Àrẹ̀mú ló jókòó sórí ibùsùn náà. Ó ti dé fìlà, ó gbé báàgì lé itan, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti gùn kanlẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì mi, o kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Kí lẹ ṣì ń ṣe níbí?"

"Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni mò ń dúró dè. Dọ́kítà ní kí n máa lọ, ìwé ò tíì ní kí n lọ. Ìyàwó ọmọ mi bímọ, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ọmọ náà ti ṣègbéyàwó báyìí. Ẹ-Jẹ́-Ká-Dúró-De-Bàbá ni ọkọ rẹ̀ ń pè é."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Mo mú báírò kí n kọ ọ́ kíá. Báírò ní, "Tó bá yá."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìsọkúsọ yẹn?"

"Ìwọ náà ni."

Mo wo aago ògiri kí n mọ àsìkò tó kù. Ó ti lẹ ìwé mọ́ ojú pé òun gba ìsinmi.

Olórí àwọn ará ọ́fíìsì bá gbé ìwé orúkọ àwọn tó máa ṣe ìdánwò sókè. Ó ní, "Ìbídùnní, a ti yọ orúkọ rẹ kúrò nínú... mẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó ti di ewúrẹ́. Àwọn méjì yòókù náà di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé orúkọ náà. Mo kí wọn pé ẹ kú oúnjẹ, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò dáadáa, orúkọ mi ni olórí wọn ń jẹ. "Ìbí" ti wọlé, "dùnní" ló ń fì níta.

Mo di "dùnní" mú, mo ń fà á. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dá a padà, Bàbá ń dúró dè mí!"

"Ebi ló ń pa mí," ni ewúrẹ́ wí láàárín eyín. "Fún mi ní nǹkan mìíràn jẹ."

"Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ ní sùúrù, sà, tó bá..."

Kí n tó parí rẹ̀, ó ju orúkọ mi sílẹ̀, ó fò mọ́ mi lẹ́nu, ó gba "tó bá," ó gbé e mì. "Yá" nìkan ló kù sí mi lẹ́nu. Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde, báírò ta kìjí, ó ní, "Ó yá!" Àwọn adìẹ ní, "Ó yá!" Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé orí sókè pọ̀, wọ́n ké: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀n!"

"Àmííín!" ni gbogbo ilé ń wí. Ọ̀gbẹ́ni Ajétúnmọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà ni. Ó ní irùngbọ̀n ṣóńṣó, ó sì ń fi eyín họ etí ìwé tó mú dání. Mi ò wò ó pẹ́.

Mojírádé fi ìgúnpá gún mi. Sístà Fádùńsìn ló dúró lẹ́yìn mi, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí.

"Bàbá kan wà ní yàrá tí a ti ń wẹ ọgbẹ́. Ọgbẹ́ rẹ̀ tún ti ń ṣe omi, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kékeré kan ni òun ń wá, èyí tó ní òun ń bọ̀."

Mo la ẹnu láti fún un lésì mi àtijọ́. Mo wá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tì.

"Ó yá, mà."

"Kí lo wí?" Ọdún mẹ́ta, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi.

"Mo ní ó yá, mà."

Bàbá Àrẹ̀mú jókòó sórí àga, ó dé fìlà, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pọn ìkókó kan dúró tì í.

"Nọ́ọ̀sì mi, o ti dé?"

"Mo ti dé, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Ṣebí o ní o ń bọ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá.

"Kí lorúkọ ọmọ yìí, Bàbá?"

"Ìrètíọlá. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ara mi balẹ̀. Mo jókòó tì í, mo wẹ ọgbẹ́ náà, mo ń ṣàlàyé, ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi, mo sì ń kọ ọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn bí a ṣe ń bá a lọ. Sístà na ọwọ́ láti ẹ̀yìn mi, ó gba ìwé náà.

Ó ku kí n wọn ìgbóná ara rẹ̀. Mo yọ tẹmómítà lápò, Bàbá gbé apá sókè. Kó tó kàn án lára ló ti bú sẹ́rìn-ín.

Mo dúró tì í títí ìṣẹ́jú mẹ́ta fi pé.