Ìbò Thirza Haygarth ní Káńsù Wethershire

Ọjọ́ Àìkú ni Ambrose Haygarth kú, níbi tó ti ń gé òdòdó lẹ́yìnkùlé. Thirza ìyàwó rẹ̀ ń bó ọ̀dùnkún nígbà tó bojú wo fèrèsé tí kò rí i lóòró mọ́. Ó parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde lọ wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì sunkún lọ́jọ́ kejì.

Ta ni kò mọ tọkọtaya yìí ní Wethershire? Káńsẹ́lọ̀ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀. Kọnsáfẹ́tífù ni Ambrose, bíi baba rẹ̀ àti baba-baba rẹ̀. Thirza ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ afọ́kùúta, ẹgbẹ́ Lébọ̀, ti àwọn òṣìṣẹ́, ló bá délé ayé. Mọ́tò kan náà, tí Ambrose ń wà, ló ń gbé wọn lọ sípàdé. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọn a jókòó dojú kọ ara wọn, wọn a máa sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn. Bó bá parí, mọ́tò kan náà ló ń gbé wọn padà sílé. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: bí àìsàn bá dá ọ̀kan dúró, èkejì kò ní lọ dìbò.

Láti ayé ọbabìnrin Fitóríà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti dá káńsù náà sílẹ̀, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá àti àwọn Kọnsáfẹ́tífù èèyàn wọn ló wà. Bàbá Thirza du ipò níbẹ̀ títí, ó fìdí rẹmi títí. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Nígbà tí wọ́n dìbò kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ di ọgbọọgba: iye tó wà lápá ọ̀tún ló wà lápá òsì. Bí ìbò bá ti di ọ̀mì, alága ìjókòó, tó jẹ́ Kọnsáfẹ́tífù, á fi ìbò kejì tirẹ̀ gbè sẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ikú Ambrose ló da òṣùwọ̀n náà rú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Denholm Sugden, olórí ẹgbẹ́ Thirza, gbé kéèkì tí ìyàwó rẹ̀ ṣe wá sílé ọ̀fọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú."

"O ṣeun. Jókòó. Tíì wà níbẹ̀."

Denholm ń yí ife lọ́wọ́. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀."

"Gbé e kalẹ̀ bó ṣe rí."

"Lọ́jọ́bọ̀, a fẹ́ yọ Crispin nípò olórí káńsù. Ẹyọ kan la fi jù wọ́n báyìí. Bí ẹ bá wá, ó ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Bí ẹ ò bá wá..."

"Ọ̀mì."

"Alága á sì fi ìbò kejì rẹ̀ gbè wọ́n."

"Ọjọ́ Ẹtì la máa sin Ambrose."

"Mo mọ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi àti òun ní àdéhùn."

"Àìsàn lẹ sọ," ni Denholm wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ ò sọ ikú." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bojú.

Thirza wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú bí òun. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò, kò bá a níbẹ̀.

"Gé kéèkì yẹn jẹ," ló wí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ. Àwọn kan ní nítorí bàbá rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ọkàn rẹ̀ le. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ ìpàdé ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ ọ̀nà.

Wọ́n ti gbé òdòdó funfun sórí àga Ambrose. Gbogbo ilé dìde, wọ́n dákẹ́. Crispin Wharram, tó dúró ti Ambrose lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, sọ̀rọ̀: "Ọ̀rẹ́ mi ò lè kọrin, kò mọ mọ́tò wà dáadáa, kò sì mọ irọ́ pa." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n nujú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí iṣẹ́.

"Àwọn tó fọwọ́ sí i pé kí olórí kúrò nípò?" ni alága bèèrè.

Thirza wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì, bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ó nà án sókè.

"Ojú ò tì ọ́, Thirza!" ni ẹnì kan ké láti òdìkejì. "Òkú ọkọ ẹ ò tíì wọlẹ̀!"

"Jókòó, Hector," ni Crispin wí. "Mo ní kí o jókòó."

Wọ́n fi ìbò ẹyọ kan borí. Bàbá arúgbó kan tó ń fọ́kùúta tẹ́lẹ̀ di Thirza lọ́wọ́ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá ẹ ì bá wà láyé kó rí èyí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Thirza wí.

Crispin bá a níta, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

"Kí lò ń dúró dè?"

Thirza fẹ́ dárúkọ Ambrose. "Bọ́ọ̀sì," ló wí.

"Bọ́ọ̀sì wo ló tún kù ní wákàtí yìí? Wọlé, jàre."

Nínú mọ́tò, obìnrin náà kọjú sí i. "Ṣé ò ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú. Ambrose ì bá bú ẹ títí dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà á bi ẹ́ pé kí lẹ máa jẹ. Ìwọ ńkọ́? Ṣé inú ẹ dùn?"

"Mi ò mọ̀. Ara mi kú, Crispin. N ò mọ nǹkan kan lára."

"Ẹkún ń bọ̀. Nígbà tí Phyllis ìyàwó mi kú, ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ló ti bá mi, èrò tò sẹ́yìn mi."

Lọ́jọ́ kejì, Crispin àti Denholm jọ gbé pósí náà. Crispin ga, Denholm kúrú, pósí dagun títí wọ́n fi dé etí ibojì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n dìbò sípò Ambrose. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ló gbà á fún Kọnsáfẹ́tífù. Ọ̀rọ̀ tún di ọ̀mì, ìbò alága sì dá Crispin padà sípò. Ṣùgbọ́n Denholm ti dá bọ́ọ̀sì àwọn abúlé orí òkè, tí káńsù ti dá dúró tẹ́lẹ̀, padà láàárín àkókò náà, Crispin ò sì fọwọ́ kàn án.

"A ti pàdánù ẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Denholm wí lórí fóònù.

"Mo gbọ́. Bá mi kí ìyàwó ẹ."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Thirza rí ọmọbìnrin náà tó ń kó ìwé rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àga Ambrose, ojora ń mú un. Thirza kọjá sí apá ọ̀hún, níbi tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ọmọ náà wí, ó dìde.

"Jókòó, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì wá."

Ó padà sáyè rẹ̀, ó sì ń retí alága.