Omi Ni àbí Ọ̀mì?

Làmídì ọ̀rẹ́ mi ni mo rọ́ àlá yìí fún láàárọ̀. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa bá pàdánù lónìí, wọ́n máa tú u ká ni. Ọ̀mì péré ti tó wa.

Lójú àlá, èmi tí mo máa ń sá fún bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí n wá ṣọ́lé. Bí wọ́n ṣe gbá a, pápá di omi, bọ́ọ̀lù sì léfòó níwájú mi. Bàbá mi tó ti kú jókòó sórí igi àwọ̀n, ó ki ẹsẹ̀ bọmi. Ó ní, “Mélòó sí mélòó?”

Mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn, mo bá jí.

Làmídì ní, “Ṣé omi lo pè é, àbí ọ̀mì?”

“Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi.”

Mo ṣáà ti mú agbòjò dání. Bó bá jẹ́ omi, màá ṣí i. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, màá fi jó. Bí a bá pàdánù, màá fi bojú délé.