Wàrà Tó Kán Sórí Àpáta Sanson

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Títílọpẹ́ mọ òwe yìí dáadáa, òun fúnra rẹ̀ a máa fi í bá àwọn ọmọdé wí. Síbẹ̀ òun náà ló dúró nídìí igbá èlùbọ́ rẹ̀ láàárín ọjà Tchaourou, tó gbé ohùn sókè, tó sì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ Sanson, ìlú Zakirou, láéláé. Ọjọ́ náà ni Ìfẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ fẹ́ Zakirou, ọmọ Mùsùlùmí ará Sanson, láìdúró kí inú ìyá rẹ̀ rọ̀. Ká ní inú ilé ló ti búra, ì bá jẹ́ òun àti ògiri nìkan ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni, àwọn oníyẹ̀yẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ìfẹ́olúwa bímọ. Ọkùnrin làǹtìlanti ni, wọ́n sọ ọ́ ní Hàbíb. Wọ́n ránṣẹ́ sí Títílọpẹ́ pé kó wá wẹ ọmọ, bí ìyá ìyá ọmọ ti í ṣe. Ó ní òun kò lọ. Ó ní kí Ìfẹ́olúwa gbé ọmọ wá bá òun nílé, kó kúnlẹ̀, kó ní òun jẹ̀bi, ìgbà náà ni òun yóò mú kànrìnkàn dání. Ìfẹ́olúwa náà kò wá. Ta ló bí i? Agídí tí ìyá ní ni ọmọ jogún, kò jogún rẹ̀ lábọ̀. Báyìí ni ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, ó ń rá, wọ́n ní ó ti ń di àga mú dìde, ìyá ìyá rẹ̀ kò tíì fojú kàn án.

Kì í ṣe pé kò dùn ún o. Ó ń dùn ún wọ egungun. Bó bá rí ọmọ lẹ́yìn oníbàárà, á bu èlùbọ́ ní àbùjù láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ Sanson ọ̀hún kò jìnnà; ọ̀kadà zém kan ṣoṣo ló máa gbé e débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ tẹrí ba? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìrìnàjò mímọ́ kan ń bọ̀, pé wọn yóò lọ sí Ìdáàṣà, síbi ihò àpáta Ìyá wa Màríà, wọn yóò sì padà lọ́jọ́ kan náà, Títílọpẹ́ ló kọ́kọ́ sanwó. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu: kí Ìyá Màríà tẹ ọrùn Ìfẹ́olúwa ba, kó mú un wá sílé tòun tọmọ. Ẹ gbọ́ mi ná. Ohun tí ọlọ́kadà lè bá a parí láàárọ̀ kan, ìyá Olúwa ló fẹ́ bẹ̀ níṣẹ́.

Ẹni tó ń kó wọn lọ ni Olúmidé. Ọmọ Tchaourou ni, ó lọ sí Kùtọnu, ó sì padà pẹ̀lú fèrè ọlọ́pàá kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan, àti fìlà tí wọ́n kọ GUIDE sí níwájú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní amọ̀nà, amọ̀nà ni ẹni tó ń fi ọ̀nà oko hanni. Gíìdì ni òun. Ó ní àwọn tó kù a máa kó èèyàn lọ síbi mímọ́ kan, ṣùgbọ́n tòun, ibi mímọ́ mẹ́ta ni lójúmọ́. Wọ́n bi í pé èwo àti èwo. Ó ní Ìdáàṣà ni, Ṣábẹ̀ ni, ẹ̀kẹta sì jẹ́ sọ́píríìsì, ó di ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìrìnàjò pé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń já ara wọn láṣọ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Kálukú gbé bídọ́ọ̀nù tí yóò fi pọn omi mímọ́ wá, àwọn kan gbé mẹ́ta, tí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé kànga ilé wọn ló gbẹ. Àyè tí èèyàn ì bá jókòó sí, bídọ́ọ̀nù òfìfo ló jókòó síbẹ̀. Tonton Àkàndé, àgbà katikísì tí kò léyìn mọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá wọn dá sí, jókòó ti Títílọpẹ́.

"Tata Títí," ó ní, "kí lo ń lọ tọrọ?"

"Tonton, ọ̀rọ̀ Ìfẹ́olúwa náà ni. Kí Ìyá Màríà bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí ba."

"Hẹn-ẹ̀n. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ, ọwọ́ òsì tìrẹ dà?"

Títílọpẹ́ ní òun fi mú rósárì. Ó yíjú sí fèrèsé.

Wọn kò tíì kọ orin kan tán tí ọkọ̀ fi kúrò lórí títì ọlọ́dà, ó wọ ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Títílọpẹ́ nàró lórí ìjókòó. Kò sí ẹni tó ń lọ sí Ìdáàṣà tí í gba ọ̀nà yìí. Ọ̀nà Sanson ni.

"Olúmidé! Níbo lò ń gbé wa lọ?"

"Tata, ẹ fọkàn balẹ̀. Sọ́píríìsì ni. Voilà."

Sọ́píríìsì kẹ̀! Títílọpẹ́ pa ẹ̀bẹ̀ Ìdáàṣà tì ná, ó gba àdúrà tuntun: "Ìyá Màríà, jọ̀ọ́, jẹ́ kí táyà jò." Táyà kò jò. Kòtò méje ni awakọ̀ bọ́ sí, táyà le koko. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ẹ̀gbẹ́ oko kajú kan ni, àpáta ńlá kan tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú wọn. Àárín àpáta náà ti funfun.

Olúmidé fun fèrè. Ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu. "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run! Ibi tí ẹ wà yìí, àwọn ará Kùtọnu kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí ó ti funfun! Nígbà tí Ìyá Màríà ń sá fún Hẹ́rọ́dù lọ sí Íjíbítì, ó jókòó sórí àpáta yìí, ó fún ọmọ lọ́mú, wàrà sì kán sílẹ̀. Wàrà náà lẹ ń wò yìí!"

Tonton Àkàndé gbé ojú sókè. "Láti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ sí Íjíbítì, ó gba Sanson?"

"Tonton, Hẹ́rọ́dù wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gba ọ̀nà tààrà."

"Wàrà náà ló wá pọ́n díẹ̀ yìí?"

"Tonton, wàrà ọjọ́ pípẹ́ ni."

Áà! Kí lẹ fẹ́ kí àgbà wí? Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Olúmidé ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fi eékún rìn dé àárín àpáta, kí wọ́n bu wàrà lọ́wọ́, kí wọ́n fi kan ahọ́n, ohun tí wọ́n bá bèèrè yóò rí bẹ́ẹ̀.

Títílọpẹ́ dì mọ́ ìjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní oorun ń kun òun. Àbí báwo ni yóò ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sanson, ilẹ̀ tó búra lé lójú gbogbo ọjà? Ṣùgbọ́n ooru inú ọkọ̀ kò mọ ìbúra, ohùn àwọn tó ń sunkún lórí àpáta sì ń fà á. Wàrà ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n pè é. Òun náà ti fún ọmọ lọ́mú rí. Bí ẹ̀bẹ̀ bá lè gbà níbí, kí ni ń gbé e lọ sí Ìdáàṣà?

Ó wá rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún, ó rí ọ̀nà kan. Ẹsẹ̀ ni òun fi búra. Òun kò fi eékún búra. Láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ gan-an ni Títílọpẹ́ ti kúnlẹ̀, tó ń wọ́ lọ nínú iyẹ̀pẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Àwọn tó ń wò ó ní, "Ẹ wo ìgbàgbọ́!" Ìgbàgbọ́ kọ́, agídí ni.

Ó dé àárín àpáta. Ó di ojú, ó fi ìka bu ìyẹ̀fun náà, ó fi lé ahọ́n.

Ó la ojú.

Èlùbọ́ ni.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Odidi ọkọ̀ èèyàn tí iṣu tọ́ dàgbà! Wọ́n ti bó o, wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a, wọ́n ti gún un. Wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́ àná, wọ́n wá ń sunkún lé e lórí láàárọ̀ òní nítorí ẹni tó dé fìlà ní kí wọ́n sunkún. Wọ́n ń tọ́ ọ lá, wọ́n ń mi orí pé ó dùn bí oyin ọ̀run. Obìnrin kan ti ń dì í sí etí ìró. Wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ́nu, wọn kò jẹ́ kí orí wọn gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èlùbọ́ lásán ló mú Títílọpẹ́ tún bu díẹ̀ fi lé ahọ́n. Àwọn aládùúgbò rẹ̀, ewé póòpó ọkà bàbà nìkan ni wọ́n fi ń bọ iṣu. Òun a máa fi ewé mọ́ńgòrò tútù bo ẹnu ìkòkò, kó lè ta díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, kò sì kọ́ ẹlòmíràn àfi ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó tì í nídìí ààrò, tó máa ń bèèrè lójoojúmọ́ pé, "Màmá, ṣé ewé ti tó?" Ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ ń ta. Ọkàn rẹ̀ ń ta jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Mounifatou, ìyá Zakirou, fi yọ láti inú kajú, abọ́ ńlá lórí. Ó rí èrò lórí eékún, ó dúró.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ṣé kò sí? Kí ló sọnù tí ẹ ń wá?"

"Màmá," Olúmidé ní, "ẹ bọ́ bàtà. Ibi mímọ́ ni."

"Ibi kí ni? Àpáta tí ìyàwó ọmọ mi ń sá èlùbọ́ sí? Àná la kó ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rún rẹ̀ lẹ rí yẹn. Ẹ dákun, ẹ ṣún fún wa, oòrùn ti ń mú."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò lè rí wàrà, kò jẹ̀bi. Obìnrin tó di tirẹ̀ sí etí ìró fi ọwọ́ bo etí ìró náà. Olúmidé fun fèrè fììì. "Ojú lásán ló ń rí èlùbọ́," ó ní, "ojú ìgbàgbọ́ ló ń rí wàrà!" Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan pàtẹ́wọ́?

Tonton Àkàndé gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Kí la ń pariwo fún? Oníṣẹ́ wà láàárín wa. Tata Títí, ìwọ lò ń tà á. Èlùbọ́ ni, àbí wàrà ni?"

Gbogbo ojú yí sí Títílọpẹ́. Bó bá ní wàrà ni, yóò gba ìbùkún, yóò wọ ọkọ̀, yóò lọ sí Ìdáàṣà, ìbúra rẹ̀ yóò sì dúró digbí. Ó ya ẹnu.

"Èlùbọ́ ni," ó ní. "Èlùbọ́ ilé wa ni."

Bó ti ń sọ ọ́ ni Ìfẹ́olúwa gun orí àpáta dé, abọ́ kejì lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè, ó rí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí eékún, ó kọjú sí i, omijé ń ṣàn, eékún méjèèjì ti bó.

"Yéè! Màmá!" Abọ́ já bọ́, iṣu fọ́n ká. Ìfẹ́olúwa ti wà nílẹ̀, ó da eékún rẹ̀ méjèèjì dé sórí àpáta. "Màmá, ẹ dìde! Ìyá kì í kúnlẹ̀ fọ́mọ, ẹ má fi mí gégùn-ún! Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ló yẹ kí n wá! Ẹ wá fi eékún wọ́ dé Sanson nítorí mi?"

Títílọpẹ́ ya ẹnu láti là á yé e. Ó fẹ́ sọ pé, "Dúró ná, kì í ṣe ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún. Ìyá Màríà ni. Ìwọ lo kúnlẹ̀ fún mi, bí mo ṣe wí náà ló rí, kí gbogbo ọjà gbọ́." Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín. Ìgbà náà ni Hàbíb yọ orí lórí èjìká ìyá rẹ̀, ó wo ìyá àgbà tí ètè rẹ̀ funfun fún èlùbọ́, ó sì na ọwọ́ sí ètè náà.

Títílọpẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mì.

"Nítorí rẹ ni," ó ní. "Nítorí rẹ ni mo ṣe wá."

Olúmidé ha! Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. "Iṣẹ́ ìyanu!" ó ké sínú ẹ̀rọ. "Voilà! Ìyá àti ọmọ! Mo sọ àbí n kò sọ?" Àwọn tí wàrà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ tún bẹ́ gìjà, wọ́n ń gbá èlùbọ́ àti iṣu tó fọ́n ká jọ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí Mounifatou fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún oúnjẹ alẹ́ ọmọ òun. Olúmidé ti ń sọ fún awakọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀, ọkọ̀ méjì ni.

Nígbà tí fèrè Ìdáàṣà dún, gbogbo wọn wọlé, ó ku Títílọpẹ́.

"Tata, ẹ ń fa wá sẹ́yìn!"

"Ẹ máa lọ. Tonton Àkàndé, ẹ bá mi pọn omi tèmi wá."

Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ Sanson, ó gba ọmọ lẹ́yìn Ìfẹ́olúwa, ó sì yíjú sí Mounifatou.

"Àna mi, ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú, mo pẹ́ díẹ̀. Ibo lẹ gbé kànrìnkàn sí? Kí wọ́n bá mi gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá. Mo wá wẹ ọmọ."

Ọmọ ọ̀hún, tó ti léyín mẹ́rin lẹ́nu, sì bù ú jẹ léjìká.