Aládùúgbò Tó Ń Kọrin

"Ta ló ń kọrin yẹn? Ó jọ pé ó ń dárúkọ rẹ."

Obìnrin òyìnbó tó ń fọ̀rọ̀ wá Adéṣẹwà lẹ́nu wò láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló béèrè bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn fèrèsé, ìyá àgbà Adéṣẹwà ń bó gbágùúdá, orin sì kún ẹnu rẹ̀:

"Adéṣẹwà ọmọ mi o,
ẹyẹ fò, ó fò kọjá odò,
ilé ló ń bọ̀ wá sùn."

Nínú lẹ́tà tí Adéṣẹwà fi wá ààyè, ó ti kọ ọ́ pé ìyá àgbà tó tọ́ òun dàgbà ní Ifangni, lórílẹ̀-èdè Benin, ti kú. Victorin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ: "Máàkì rẹ dáa, àmọ́ tàwọn ẹlòmíì náà dáa. Bon, fi òkú kan sí i!"

"Aládùúgbò wa ni," ló fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Orin náà dúró. Ìyá àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n ogún ọdún tó fi ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ará Nàìjíríà lẹ́nubodè ti kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó tó ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ́sò íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Obìnrin náà kọ̀wé pé ó di ọ̀la.

"Ìgbà wo ni mo di aládùúgbò rẹ?"

Adéṣẹwà kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Wọ́n ṣáà sin mí dáadáa? Wọ́n pa màlúù?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó tó. Òkú kì í kọrin. N ó panu mọ́ títí wọn ó fi gbà ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, agbo ilé pa lọ́lọ́.

"Aládùúgbò yín kò kọrin lónìí?" obìnrin náà béèrè.

Adéṣẹwà wo ojú fèrèsé. Ìyá àgbà ń bó gbágùúdá. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde.

"Kì í ṣe aládùúgbò," ni Adéṣẹwà wí. "Ìyá àgbà mi ni. Kò kú. Irọ́ ni mo kọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó dúpẹ́, ó lọ.

Adéṣẹwà jáde, ó mú ọ̀bẹ kejì, ó jókòó ti gbágùúdá.

"Wọ́n gbà ọ́?"

"Ẹ máa kọrin yín, ìyá."

Arúgbó náà wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló gbé orin, àmọ́ ó fo ibi tí ẹyẹ ti kọjá odò.